ÌDỌ̀TÍ ILÉ-IṢẸ́ NÍ ÀPÁPÁ ÀTI AJÉGÚNLẸ̀: ÀWỌN Ọ̀NÀ TÍ ÌJỌBA FI LÈ DÍN IN KÙ LÁÌNÁ ÌNÁKÚNÀÁ

  

1. ÌFÁÀRÀ

Bí ọkọ̀ ojú omi bá dé èbúté, tí imú rẹ̀ kan ilẹ̀, a máa ń sọ pé ó ti gúnlẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ Ajégúnlẹ̀ ti jáde: ajé ti gúnlẹ̀ síbí. Orúkọ náà kò purọ́. Ẹ̀gbẹ́ Ajégúnlẹ̀ ni Àpápá wà, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já àlìkámà, ṣúgà, epo àti ẹ̀rọ oríṣiríṣi sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó ń bá ajé gúnlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ àdúgbò lórúkọ. Èéfín ni, eruku ni, òórùn epo ni, omi ẹ̀gbin tí ń ṣàn nínú gọ́tà àti kánààlì sì ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ lórí ohun kejì yìí ni mo bá wá lónìí.

Ìbàyíkájẹ́ ni n ó máa pe ọ̀ràn náà lápapọ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí ènìyàn tàbí ilé-iṣẹ́ máa tú ohun tí ó lè pa ara lára sínú afẹ́fẹ́, omi tàbí ilẹ̀. Èérí ni n ó máa pe ohun tí wọ́n ń tú jáde náà. Nígbà tí mo bá sì sọ pé ọ̀nà kan mọ níwọ̀n, tàbí pé kò ní ìnákúnàá nínú, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀nà náà ni ó ń mú èérí tí ó pọ̀ jù lọ kúrò fún náírà kọ̀ọ̀kan tí a bá ná, ìbáà jẹ́ ìjọba ni ó ná an, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́, ìbáà sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ wà nínú ewu.

Àwọn kan lè wí pé nígbà tí ọmọdé bá ń wúkọ́, kì í ṣe àkókò ìṣirò owó. Èmi a máa dá wọn lóhùn pé nítorí pé ọmọdé ń wúkọ́ gan-an ni ìṣirò fi di dandan. Ìjọba tí ó ná owó gọbọi sórí ọ̀nà tí kò wúlò kò ní rí òmíràn ná nígbà tí ọ̀nà tí ó wúlò bá dé. Kókó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé wa: ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, títi ilé-iṣẹ́ pa àti gbígba owó ìtanràn ráńpẹ́ ni ọ̀nà tí ó wọ́n jù lọ, tí ó sì ń so èso tí ó kéré jù lọ. Ọ̀nà tí ó mọ níwọ̀n ni kí ìjọba wọn èérí lótìítọ́, kí ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ó bu iye owó lé e, kí ó sì sọ́ ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé.

2. BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE DÉ IBI TÍ Ó DÉ

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni Àpápá ti di ojúko iṣẹ́. Nínú ẹ̀wádún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1920 ni ìjọba amúnisìn kọ́ ibùdókọ̀ òkun síbẹ̀, tí ojú irin sì lọ pàdé rẹ̀. Ní 1954 ni a ṣe òfin tí ó dá Àjọ Èbúté Nàìjíríà sílẹ̀, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955. Ní nǹkan bí àkókò yẹn ni LEDB, àjọ tí ń bójú tó ètò ìlú Èkó, ń tún ilẹ̀ Àpápá ṣe fún ilé-iṣẹ́ àti fún ibùgbé àwọn ọ̀gá. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun sì dé bí òmìnira ṣe ń dé. Ní 1975, ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ńtì há gádígádí sójú omi Èkó tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Ní 1977 ni a ṣí èbúté Tin Can Island kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àgbá epo ńláńlá ń pọ̀ sí i ní Àpápá, ní Ìjọra àti ní Kirikiri.

Ètò ìlú pín ilẹ̀ fún ẹ̀rọ, ó pín ilẹ̀ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n ibi tí lébìrà yóò sùn kò jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ, tí ń lọ ìyẹ̀fun, tí ń wa tírélà, Yorùbá ni o, Ìgbò ni o, Ìjọ́, Urhobo, Ìlàjẹ àti Hausa, Ajégúnlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn rí ilé gbà sí, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n, ènìyàn sì lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ibi tí àdúgbò méjèèjì ti pàdé ni à ń pè ní Boundary. Orúkọ náà tó fún ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ pé ààlà ni. Ènìyàn mọ ààlà, gbajúmọ̀ ọ̀gá àti kọ́stọ́ọ̀mù mọ ààlà. Èéfín nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Ní 2020, Báǹkì Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde lórí afẹ́fẹ́ Èkó. Ìṣirò wọn fún ọdún 2018 ni pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́èérí fa ikú àìtọ́jọ́ tí ó tó nǹkan bí 11,200 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó kú. Àdánù tí ó ti ibẹ̀ wá tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là, èyí tí í ṣe ìdá 2.1 nínú 100 gbogbo ọrọ̀ tí ìpínlẹ̀ náà pèsè lọ́dún yẹn. Orísun mẹ́ta ni wọ́n tọ́ka sí jù lọ: ọkọ̀ ojú títì, ilé-iṣẹ́, àti jẹnẹrétọ̀. Ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé pọ̀ lójú kan náà ni Àpápá.

3. TA NI Ó Ń SAN OWÓ RẸ̀?

Àwọn àgbà wa wí pé ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe náà dùn, ó sì tọ́ nínú agbolé, níbi tí ẹni tí ó da omi àti ẹni tí yóò rìn kọjá jẹ́ ẹnìkan náà. Ṣùgbọ́n ní Àpápá, ẹni tí ó da omi kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń padà sí Ìkòyí tàbí sí òkè òkun lálẹ́. Ará Ajégúnlẹ̀ ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù náà. Ní ibi tí òwe bá ti kùnà báyìí, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀.

Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, A. C. Pigou, là á yé wa nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1920. Bí a bá wo iye owó ọjà kan, a ó rí owó ohun èlò nínú rẹ̀, a ó rí owó òṣìṣẹ́, owó epo àti èrè ẹni tí ó ni ín. Ohun tí a kò ní rí ni owó oògùn ikọ́ tí ìyá kan rà ní ẹ̀yìn ògiri ilé-iṣẹ́ náà. Owó yẹn wà. Ẹnìkan san án. Kò kàn sí nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ yóò fi náání rẹ̀. Pigou dábàá pé kí ìjọba fi owó orí dá ẹrù náà padà sórí ẹni tí ó ni ín. Kì í ṣe pé olówó burú jù tálákà lọ. Ẹnikẹ́ni tí a bá gbà láyè láti da ìdọ̀tí sílé ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ yóò máa dà á síbẹ̀.

4. ÒFIN WÀ, KÍ NI Ó DÉ TÍ KÒ MÚ?

Kí a má ṣe rò pé Nàìjíríà kò ní òfin. Ní 1988 ni àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò láti Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹ̀gbin olóró dà sí Kókó, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ìtìjú ọ̀ràn náà ni ó ta ìjọba jí. Lọ́dún yẹn kan náà ni a ṣe Òfin 42 lórí ẹ̀gbin olóró, àti Òfin 58 tí ó dá FEPA sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdáàbòbò àyíká. Ní 1991 ni FEPA gbé ìlànà jáde lórí iye èérí tí ilé-iṣẹ́ lè tú jáde. Èkó dá àjọ tirẹ̀, LASEPA, sílẹ̀ ní 1996. Ní 2007 ni NESREA dìde láti máa mú òfin àyíká ṣẹ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 2017 ni Èkó tún kó àwọn òfin àyíká rẹ̀ jọ sínú ìwé kan. Òfin kò wọ́n wa. Àìsàn mẹ́rin ni ó ń ṣe òfin wa.

Àkọ́kọ́ ni pé owó ìtanràn kì í dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́n gógó kì í sùn. Òfin 58 ti 1988 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá tú ohun olóró jáde lè san tó ₦500,000. Nígbà náà, owó yẹn lé ní 100,000 dọ́là. Òfin NESREA ti 2007 sọ ọ́ di ₦1,000,000, ó sì fi ₦50,000 kún un fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ń bá a lọ. Ó dà bí ẹni pé ó ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ní 2007, mílíọ̀nù kan náírà kò ju nǹkan bí 8,000 dọ́là lọ, nígbà tí ó sì di 2024, kò tó 1,000 dọ́là mọ́. Ẹ jẹ́ kí a tún fi ojú mìíràn wò ó. Ní 2024, lítà dísẹ́lì kan ju ₦1,000 lọ. ₦50,000 ojoojúmọ́ yẹn kò ra 50 lítà. Bí ẹ̀rọ tí ń fọ omi ẹ̀gbin bá ń jẹ ju 50 lítà dísẹ́lì lọ lóòjọ́, ó sàn fún ilé-iṣẹ́ náà láti pa ẹ̀rọ, kí ó sì san owó ìtanràn. Òfin fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìṣirò yìí.

Èkejì ni pé nígbà tí owó ìtanràn kò bá dun ẹnikẹ́ni, ohun tí ó kù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ni kí ó ti ilé-iṣẹ́ pa. Títì náà máa ń pariwo: ọlọ́pàá á dé, ayàwòrán á dé, a ó lẹ ìwé mọ́ ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí ebi ń pa ní ọ̀sẹ̀ tí géètì wà ní títì. Lébìrà tí ń gba owó òòjọ́ ni. Obìnrin tí ń ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni. Ajégúnlẹ̀ ni ilé àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ti fi èémí rẹ̀ san gbèsè lẹ́ẹ̀kan ni a tún ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí géètì bá sì ṣí padà, èéfín àná náà ni yóò tún máa jáde, nítorí pé kò sí ohun tí ó yí padà nínú ìṣirò ilé-iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń wá olùyẹ̀wò tí yóò kọ ìwé nípa èérí rẹ̀, òun náà ni ó sì ń san owó fún un. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ retí pé kí ẹni tí ń jẹun lọ́wọ́ ẹnìkan máa ka àṣìṣe ẹni náà sókè lójú ọjà.

Ẹ̀kẹrin ni pé ọ̀gá pọ̀ jù lórí ilẹ̀ Àpápá. Èbúté jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Gọ́tà àdúgbò jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Òfin NESREA yọ iṣẹ́ epo àti gáàsì sílẹ̀, nítorí náà àwọn àgbá epo bọ́ sábẹ́ àjọ mìíràn. Ará Ajégúnlẹ̀ tí òórùn epo bá jí lóru kò mọ ilẹ̀kùn tí òun yóò kàn.

5. ÀWỌN Ọ̀NÀ TÍ Ó MỌ NÍWỌ̀N

5.1 Kí a kéde òtítọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ní 1995, orílẹ̀-èdè Indonesia rí i pé owó òun kò tó láti bá gbogbo ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́èérí lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n gbé ètò PROPER kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ 187 ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀: wúrà fún èyí tí ó tayọ, ewé fún èyí tí ó ṣe ju òfin lọ, búlúù fún èyí tí ó pa òfin mọ́, pupa fún èyí tí ó kùnà, dúdú fún èyí tí kò tilẹ̀ gbìyànjú. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó wà nínú pupa àti dúdú. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ó kùnà ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n fún wọn ní oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde orúkọ. Kí ọjọ́ ìkéde tó pé, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú dúdú ti sáré tún ìwà wọn ṣe. Gánà tí ó wà nítòsí wa náà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010 fún àwọn tí ń wa ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ àti fún àwọn ilé-iṣẹ́. Wọ́n pè é ní AKOBEN, èyí tí í ṣe orúkọ fèrè ogun ní èdè Akan.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún Èkó, nítorí pé ojútì kò gba owó púpọ̀. Ènìyàn kò nílò ìwé mẹ́wàá láti mọ àwọ̀ pupa. Bí wọ́n bá ka orúkọ ilé-iṣẹ́ àti àwọ̀ rẹ̀ lórí rédíò ní Yorùbá, ní Ìgbò àti ní Píjìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà Boundary, báńkì tí ń yá ilé-iṣẹ́ náà lówó yóò gbọ́, oníbàárà rẹ̀ yóò gbọ́, òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàápàá yóò gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A kò lè sọ fún un bí a kò bá mọ ohun tí ó ń jẹ.

5.2 Kí a gba olùyẹ̀wò lọ́wọ́ ẹni tí ó ń yẹ̀ wò. Ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà, láàárín 2009 sí 2011, ìjọba àti àwọn onímọ̀ fásitì dán nǹkan kan wò. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ ń yan olùyẹ̀wò fúnra wọn gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìbò ni wọ́n fi pín olùyẹ̀wò fún ilé-iṣẹ́, inú àpò kan ṣoṣo ni owó iṣẹ́ wọn ti ń jáde, àwọn mìíràn sì tún ń lọ wọn díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n kọ. Ní ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ìwé a máa sọ pé èérí kò kọjá ibi tí òfin pàṣẹ, nígbà tí ó ti kọjá. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òtítọ́ bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ pé òtítọ́ ń jáde sì dín èérí wọn kù. Ẹ kíyèsí i pé wọn kò fi òfin tuntun kankan kún ti àtẹ̀yìnwá. Ọwọ́ tí owó ń gbà jáde nìkan ni wọ́n yí padà. Èkó lè ṣe èyí láìdá àjọ tuntun sílẹ̀.

5.3 Kí a bu owó lé èérí. Lẹ́yìn tí ìwọ̀n bá ti di òtítọ́, a lè gba owó lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe kan tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Kí a sọ pé ilé-iṣẹ́ méjì wà. Kí a pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú 20 tọ́ọ̀nù èérí jáde lọ́dún. Ẹ̀rọ Táyé jẹ́ tuntun: mílíọ̀nù 2 náírà ni yóò ná láti mú tọ́ọ̀nù kan kúrò. Ti Kẹ́hìndé ti gbó: mílíọ̀nù 10 ni tirẹ̀. Bí ìjọba bá pàṣẹ pé kí àwọn méjèèjì dín 10 tọ́ọ̀nù kù lọ́gbọọgba, Táyé yóò ná mílíọ̀nù 20, Kẹ́hìndé yóò ná mílíọ̀nù 100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 120. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní kí ẹnikẹ́ni san mílíọ̀nù 5 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tú jáde, Táyé yóò rí i pé ó sàn kí òun ná mílíọ̀nù 2 ju kí òun san 5 lọ. Yóò mú gbogbo 20 tọ́ọ̀nù tirẹ̀ kúrò, yóò sì ná mílíọ̀nù 40. Kẹ́hìndé yóò san owó rẹ̀ fún ìjọba títí yóò fi rí ẹ̀rọ tí ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Ogún tọ́ọ̀nù ni ó kúrò nínú ètò méjèèjì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni owó tí wọ́n ná sórí mímú un kúrò nínú ètò kejì. Ìjọba kò sì nílò láti mọ inú ẹ̀rọ Táyé tàbí ti Kẹ́hìndé.

Èyí kì í ṣe àlá. Láti ìgbà tí òfin wọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970 ni àwọn ará Netherlands ti ń gba owó lórí èérí tí a bá tú sínú omi, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n bí iye ẹ̀gbin tí ènìyàn kan ń dá lójúmọ́. Wọ́n fẹ́ fi owó náà kọ́ ibi tí a ti ń fọ omi ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ rí iye rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fọ omi wọn fúnra wọn. Ní ìlú Surat ní Gujarat, láti 2019, ìjọba fi òté lé àpapọ̀ eruku tí àwọn ilé-iṣẹ́ lè tú sójú ọ̀run, ó sì gbà wọ́n láyè láti máa ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ìwádìí fi hàn pé eruku náà dín ní ìdá 20 sí 30 nínú 100.

Ohun méjì ni a gbọdọ̀ so mọ́ ọ̀nà yìí níbí. Ọ̀kan ni pé kí iye owó náà máa gòkè bí iye ọjà ṣe ń gòkè, kí ó má baà kú bí owó ìtanràn ti kú. Èkejì ni pé kí apá tí ó hàn gbangba nínú owó náà padà sí àdúgbò tí ó ń fa èérí náà símú: kí wọ́n fi kó ẹrẹ̀ inú kánààlì, kí wọ́n fi ra oògùn ikọ́ sí ilé ìwòsàn kéékèèké. Bí ará Ajégúnlẹ̀ bá rí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di olùṣọ́.

5.4 Kí a sọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kù lè máa lé wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní lé wọn tán láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tí gbogbo wọn ń mu kò gba ibi púpọ̀ wọlé. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, èbúté Èkó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń gbà. Láti 2024, ilé ìfọpo tí ó wà ní Lẹ́kkí náà ti ń pèsè dísẹ́lì. Imí-ọjọ́ tí ó bá wà nínú dísẹ́lì a máa di ẹ̀gbin wínníwínní nínú afẹ́fẹ́, a sì máa ba asẹ́ tí ó yẹ kí ó gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ní 2016, òfin Nàìjíríà ṣì gba ìdá 3,000 imí-ọjọ́ láàyè nínú mílíọ̀nù kan dísẹ́lì, nígbà tí Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀pẹ 2016, Nàìjíríà, Gánà, Benin, Togo àti Côte d'Ivoire fi ohùn ṣọ̀kan ní Àbújá pé àwọn yóò sọ ọ́ di 50. Gánà mú tirẹ̀ ṣẹ ní 2017. Nàìjíríà fi tirẹ̀ falẹ̀. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti kéré tó: ilé àyẹ̀wò kan ní etí omi, ìgò epo kan láti inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ìgboyà láti dá ọkọ̀ tí ó bá kùnà padà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ìjọba lè gbà kan ẹ́ńjìnnì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tírélà náà fara jọ ọ́. Fún ọdún púpọ̀, táńkà àti tírélà ń tò fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀, lórí títì Àpápá, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń hó. Ní oṣù Èrèlé 2021, Àjọ Èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìpè tí wọ́n pè ní Ètò: ọkọ̀ yóò dúró sí ibùdó títí a ó fi pè é. Ìlànà náà kò bọ́ lọ́wọ́ àbùkù. Àwọn awakọ̀ ṣì ń ráhùn nípa owó ẹ̀yìn lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ó kọ́ wa pé ìlà tí a tò dáadáa lè dín èéfín kù láìra ẹ̀rọ kankan. Ní 2021 náà ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì fà á dé èbúté Àpápá. Kọ̀nténà tí ó bá gba ojú irin lọ kò ní tò lójú títì.

6. IBI TÍ ÌṢIRÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibí yìí lọ pẹ̀lú èrò pé ohun gbogbo ni a lè fi owó dí. Ẹ padà sí àpèjúwe Táyé àti Kẹ́hìndé. Bí Táyé bá wà ní Ìkòròdú, tí Kẹ́hìndé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé kan ní Olódì, àpapọ̀ èérí Èkó yóò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé yẹn kò ní rí àǹfààní kankan. Nítorí náà, òté gbọdọ̀ wà fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí owó kò lè rà. Bákan náà ni àwọn ohun tí kò ní ìwọ̀n tí ó dára fún ọmọdé, irú bí òjé: a kò gbọdọ̀ bu iye lé wọn, a gbọdọ̀ kọ̀ wọ́n ni. Ní irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, títì géètì pa di ẹ̀tọ́, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó.

Òdodo sì ni pé kì í ṣe Àpápá nìkan ni ó ń ba afẹ́fẹ́ Ajégúnlẹ̀ jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wà ní ẹ̀yìn ilé, àwọn ènìyàn ń dáná sun pàǹtí lẹ́bàá gọ́tà, wẹ́dà àti bátìrì náà ń ṣiṣẹ́ wọn lójú títì. A kò lè lọ máa wọn èéfín oníṣẹ́ ọwọ́ kan kí a sì mú ìwé owó fún un. Owó tí a ó fi gbà á yóò ju owó tí a ó rí gbà lọ. Epo tí ó mọ́ láti ẹnu ọ̀nà, iná mànàmáná tí kò ń ṣẹ́jú, àti ọkọ̀ pàǹtí tí ó ń dé lásìkò ni ó bá tiwọn mu. Àwọn tí ọwọ́ ìwọ̀n lè tó, tí agbára wọn sì ká a, ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

7. ÀSỌKÁGBÁ

Mo ti sọ pé ìbàyíkájẹ́ jẹ́ gbèsè tí ẹnìkan jẹ, tí ẹlòmíràn ń san. Mo ti fi hàn pé owó ìtanràn wa ti kú sójú òfin, àti pé títi ilé-iṣẹ́ pa ń mú kí ẹni tí ó ti san lẹ́ẹ̀kan tún san lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá dá àbá mẹ́rin: àwọ̀ tí gbogbo ènìyàn lè kà, olùyẹ̀wò tí ilé-iṣẹ́ kò yàn, owó lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ń gòkè bí ọjà ti ń gòkè, àti àyẹ̀wò epo ní ẹnu ọ̀nà.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan tí ìjọba lè fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ó ń bọ̀, n ó mú ti olùyẹ̀wò. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọ̀ kò lè dá dúró lórí irọ́, owó kò sì lè dá dúró lórí irọ́. Ìjọba tí kò mọ iye èérí tí ń jáde dà bí oníṣòwò tí kò ní òṣùwọ̀n: bí ó ti wù kí ọjà rẹ̀ pọ̀ tó, kò lè mọ̀ bóyá ó ń jèrè tàbí ó ń pàdánù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, iṣẹ́ yìí wà fún yín. Ó nílò ẹni tí ó mọ kẹ́mísìrì, ó nílò ẹni tí ó mọ ìṣirò, ó nílò amòfin, ó sì nílò ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó rí ní èdè tí ìyá tí ó wà ní ọjà Boundary yóò gbọ́. Ọjọ́ tí ìyá yẹn bá lè dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú pupa, kí ó sì tún dárúkọ àjọ tí òun yóò lọ bá, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ajé ti gúnlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀ tipẹ́. Ó yẹ kí àlàáfíà náà rí ibi gúnlẹ̀ sí.